Ìmọ́lẹ̀ Tí Kernel Bá Nílé

Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì láàpútọ́ọ̀pù, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ojú ẹ̀rọ lè ṣú díẹ̀, ọ̀rọ̀ funfun wẹ́wẹ́ lè sáré kọjá lórí dúdú, kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń béèrè password. Ọ̀pọ̀ wa kì í wo ibẹ̀. A ó ti gbé ojú kúrò, a ó máa wá ṣájà, tàbí kí a máa dá ẹni tó kí wa lóhùn, ó di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá tò tán kí a tó padà wò ó. Bẹ́ẹ̀ ní agbègbè tiwa yìí, láti Ìkìrun lọ sí Ìnísà, Òkukù àti Ìgbàyè, àyè àtiwò ó kò wọ́n wa. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í sábà gbé iná pẹ́. Iná lọ, ẹ̀rọ kú; iná dé, a tún tẹ bọ́tìnì. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Òkukù lè rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́.

Inú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ yìn. Iṣẹ́ àwọn tó kọ apá kernel Linux tó ń gba ojú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó tàn án ni. Kernel ni ètò tó wà lábẹ́ gbogbo ètò yòókù. Òun ló ń pín mẹ́mọ̀rì, òun ló ń bá gbogbo ohun èlò inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé, ojú ẹ̀rọ ti mọ́lẹ̀ ná. Ẹlòmíì ló tan ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, pẹ̀lú ìmọ̀ tí kernel kò tíì ní. Ohun tó kù fún kernel ni kó mọ ibi tí àwòrán yẹn ń gbé nínú mẹ́mọ̀rì, kó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i láìba ohunkóhun jẹ́, kó sì yọwọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí driver, ìyẹn ètò tó mọ káàdì àwòrán ẹ̀rọ náà gan-an, bá dé. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ síta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó tan ìmọ́lẹ̀. Lórí láàpútọ́ọ̀pù òde òní, UEFI ni, ìyẹn ètò tí ilé-iṣẹ́ kó sínú bóòdù kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn. UEFI mọ káàdì àwòrán tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jí i, ó mọ iye píksẹ́ẹ̀lì tí ojú ẹ̀rọ gbà. Kernel kò mọ ìyẹn nígbà tó bá wọlé. Driver tó máa mọ̀ ọ́n dáadáa tóbi púpọ̀. Ti káàdì AMD nìkan, ìlà kóòdù rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mélòó kan. Ó tún lè jẹ́ pé orí díìsìkì tí kernel kò tíì ṣí ló wà. Nítorí náà, kernel ní láti béèrè lọ́wọ́ UEFI. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Graphics Output Protocol, ìdáhùn rẹ̀ kò sì gùn: ibi tí framebuffer ti bẹ̀rẹ̀, ìbú àwòrán, gíga rẹ̀, iye píksẹ́ẹ̀lì tí ìlà kan gbà nínú mẹ́mọ̀rì, àti bí àwọn àwọ̀ ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Framebuffer ni apá mẹ́mọ̀rì tí àwòrán ojú ẹ̀rọ ń gbé. Ohunkóhun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ máa gbé jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kernel lè béèrè. Kété tó bá pe iṣẹ́ tó ń jẹ́ ExitBootServices, UEFI ti kó apá tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè nípa àwòrán mọ́. Apá kékeré kan ní iwájú kernel ló ń ṣe ìbéèrè yìí, tí ó sì ń kọ ìdáhùn sínú àpótí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ screen_info. Ohun tí kò bá sí nínú àpótí yẹn ti lọ. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i láṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn máa gbà á.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà kan, nítorí ibẹ̀ ni ìṣọ́ra àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti hàn sí mi jù. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkukù, ojú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 1366 ní ìbú, 768 ní gíga. Píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì mẹ́rin. Ẹni tó mọ ìsodipúpọ̀ máa sọ kíá pé ìlà kan jẹ́ báìtì 5,464. Kò parọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ kọ́ ni ìlà tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ fẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí nọ́ńbà tí 64 pín dọ́gba, 64 kò sì pín 5,464 dọ́gba. Nítorí náà ni ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe gba 5,504. Báìtì 40 ló ṣẹ́ kù ní ìparí ìlà, àyè píksẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tí ojú ènìyàn kò ní rí láéláé.

Bí kernel bá gbàgbé píksẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá yìí, ìlà kejì máa bẹ̀rẹ̀ ní ibi mẹ́wàá ṣáájú ààyè rẹ̀, ìlà kẹta ní ogún, ìlà kẹrin ní ọgbọ̀n. Kó tó dé ìlà ìkẹyìn, ìyàtọ̀ náà ti di 7,670, ìyẹn ju ìbú ojú ẹ̀rọ lọ́nà márùn-ún. Àwòrán á dà nù sí ẹ̀gbẹ́, á wá di ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè kà á. Ẹni tó ti rí irú àwòrán dídà bẹ́ẹ̀ rí máa ń rò pé ojú ẹ̀rọ ló fọ́. Kò sí ohun tó fọ́. Ẹnì kan ló ṣe ìsodipúpọ̀ níbi tó yẹ kó ti béèrè.

Kernel máa ń kọ ohun tó gbà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní Linux lórí ẹ̀rọ lè kà á nínú àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Níbi tí efifb, ìyẹn driver àtijọ́ fún framebuffer UEFI, bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú ojú ẹ̀rọ tí mo sọ yìí, ìlà kan á sọ pé "mode is 1366x768x32, linelength=5504". Òmíràn á sọ pé ó ń lo 4128k. Ẹ fi 5,504 sọ 768 di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,024 pín in: 4,128 gééré ni, kò lé, kò dín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà kan tí mo fẹ́ràn máa ń tẹ̀ lé e: "Console: switching to colour frame buffer device 170x48". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kernel ti ka iye lẹ́tà tó lè gba ojú ẹ̀rọ náà. Lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, ó ga ní mẹ́rìndínlógún. Gíga 768 gba ìlà 48 láìṣẹ́kù. Ìbú 1366 gba lẹ́tà 170, ó sì ku píksẹ́ẹ̀lì mẹ́fà létí ọ̀tún.

Píksẹ́ẹ̀lì mẹ́fà yẹn kò tó lẹ́tà kan. Ohun tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyókù àmì ilé-iṣẹ́ tàbí ìdọ̀tí mẹ́mọ̀rì, ibẹ̀ ló máa wà, nítorí kò sí lẹ́tà tó máa bò ó. Àwọn tó kọ kóòdù náà rí èyí. Wọ́n kọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ clear_margins sínú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì ń ṣe ni kó nu etí tí lẹ́tà kò dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dúró lé e lórí. Ẹni tó ń ronú nípa ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí, létí ojú ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó ń wò, mo lè fi ẹ̀rọ mi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Báìtì mẹ́rin tó wà fún píksẹ́ẹ̀lì kan, èwo ni pupa nínú wọn? Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ UEFI, búlúù ló ṣáájú, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, pupa ṣìkẹta, ẹ̀kẹrin kò ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà tí pupa ti ń ṣáájú. Bí kernel bá gba ọ̀kan fún èkejì, pupa á di búlúù, búlúù á di pupa. Àṣìṣe yìí lè fara pamọ́ pẹ́. Ẹni tó bá fi àsíá Nàìjíríà dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lè má fura rárá, torí funfun kò ní yí padà, àwọ̀ ewé á ṣì jọ àwọ̀ ewé. Àwòrán ọbẹ̀ ata ló máa tú àṣírí. Ìdí nìyí tí kernel kì í fi í gba àṣà gbọ́. Ó máa ń kọ ipò àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíìtì wo ni pupa ti bẹ̀rẹ̀, mélòó ló gbà, bẹ́ẹ̀ náà fún àwọn yòókù.

Àdírẹ́ẹ̀sì framebuffer fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Nígbà tí wọ́n ṣe àpótí screen_info, bíìtì 32 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àdírẹ́ẹ̀sì. Ìyẹn kò lè ju gígábáìtì mẹ́rin lọ, ó sì tó nígbà náà. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé framebuffer sókè ju ibẹ̀ lọ. Ìdajì òkè àdírẹ́ẹ̀sì ń já sọnù, kernel á máa kọ lẹ́tà síbi tí kì í ṣe ojú ẹ̀rọ. Wọn kò lè fẹ àpótí náà lójú, torí oríṣiríṣi bootloader, ìyẹn ètò tó ń gbé kernel wọ mẹ́mọ̀rì, ti mọ bí àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣe tò, bí ohun kan bá sún, gbogbo wọn á ṣìnà. Ní 2015, Matt Fleming wá àyè tó ṣófo níbòmíràn nínú àpótí kan náà, ó fi ìdajì òkè síbẹ̀, ó sì fi àmì kan sí i tó ń sọ pé "ìyókù àdírẹ́ẹ̀sì wà lọ́hùn-ún". Ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Ard Biesheuvel rí ewu mìíràn: bí kernel bá ń tún àdírẹ́ẹ̀sì àwọn káàdì pín, ó lè gbé káàdì àwòrán kúrò níbi tí UEFI fi í sí, kí efifb sì máa kọ̀wé sí ilé tí onílé ti kó kúrò. Ó ní kí kernel kọ́kọ́ fi orúkọ sí ibi tí framebuffer wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Gbogbo èyí ní ìpìlẹ̀ tó ti pẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà Amiga àti Atari, kò sí ipò lẹ́tà lásán tó wà lórí kọ̀ǹpútà IBM; àwọn tó gbé Linux lọ síbẹ̀ ní láti ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Láti ibẹ̀ ni fbdev, ètò framebuffer inú kernel, ti wá, Geert Uytterhoeven ará Bẹ́ljíọ̀mù sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ti gbogbo ẹ̀rọ ní nǹkan bí 1998. Ọdún yẹn kan náà ni Gerd Knorr kọ driver vesafb fún àwọn ẹ̀rọ BIOS, ètò tó wà ṣáájú UEFI. BIOS náà kì í dáhùn mọ́ tí kernel bá ti bọ́ sí ipò iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí náà ni àwọn àgbà oníLinux ṣe ń kọ "vga=791" síbi ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè gba 1024 sí 768 kí ìlẹ̀kùn tó tì.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa ni tábúlẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà àgbà. Android ló ń lò, abẹ́ Android sì ni kernel Linux wà. Ní oṣù kan náà, ní ọgbọ̀nọjọ́ rẹ̀, Linux 3.10 jáde, driver kékeré kan tó ń jẹ́ simplefb sì wà nínú rẹ̀. Stephen Warren ló kọ ọ́. Kò sí ẹni tó mú àwọn nǹkan méjèèjì pàdé, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹ̀rọ kékeré, olówó pọ́ọ́kú, tí kò ní BIOS tàbí UEFI tí èèyàn lè bi ní ìbéèrè.

Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bootloader ló ń jí ojú ẹ̀rọ, tó ń ya àmì síbẹ̀, tó sì ń fi ìwé kékeré kan lé kernel lọ́wọ́. Ohun tí simplefb fẹ́ kí ìwé náà sọ kò ju ibi tí mẹ́mọ̀rì náà wà, ìbú, gíga, gígùn ìlà, àti ìtò àwọ̀. Ìtò àwọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ níbẹ̀rẹ̀: báìtì méjì fún píksẹ́ẹ̀lì, bíìtì márùn-ún fún pupa, mẹ́fà fún àwọ̀ ewé, márùn-ún fún búlúù. Àwọ̀ ewé gba ẹyọ kan sí i nítorí pé ojú ènìyàn a máa rí ìyàtọ̀ inú rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Kóòdù náà kúrú débi pé èèyàn lè kà á tán ní ìjókòó kan.

Kò pẹ́ tí wàhálà dé, wàhálà ọ̀hún ló sì jẹ́ kí n mọrírì iṣẹ́ yìí jù. Lórí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń lo ṣípù Allwinner, tó kún ọjà láyé ìgbà náà, ojú ẹ̀rọ á mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kernel á jáde lórí rẹ̀, gbogbo nǹkan á máa lọ, ojú ẹ̀rọ á sì ṣàdédé ṣú. Kí ló pa á? Kernel fúnra rẹ̀ ni. Apá kọ̀ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní clock tirẹ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bí clock apá kan bá dúró, apá náà kò lè ṣe nǹkan kan. Nítorí bátìrì, kernel máa ń wo gbogbo clock nígbà tó bá ń parí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí driver kankan kò bá ní òun ń lò, á pa á. Bootloader ló tan clock ojú ẹ̀rọ, bootloader sì ti lọ. Nínú ìwé kernel, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ó pa á, pẹ̀lú èrò rere, ojú ẹ̀rọ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Luc Verhaegen àti Hans de Goede dá a lábàá pé kí bootloader kọ orúkọ àwọn clock náà sínú ìwé tó ń fi sílẹ̀, kí simplefb sì dì wọ́n mú. Àríyànjiyàn gidi wáyé ní 2014. Àwọn kan ní driver tó yẹ kó rọrùn ti fẹ́ máa gbé ẹrù ju ara rẹ̀ lọ, pé mẹ́mọ̀rì nìkan ló kàn án. Mo lóye wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn de Goede ni mo wà. Simplefb kò bẹ̀rẹ̀ sí í yí clock padà, kò ka ìyára rẹ̀, kò mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ohun tó ń sọ fún kernel kò ju "mò ń lò ó" lọ. Ní ọjọ́ tó bá lọ, á jọ̀wọ́ wọn, ẹni tó ni ojú ẹ̀rọ á sì gbà á. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jọ ti ààfin. Bí ọba bá wàjà, tí èyí tó máa jẹ kò tíì gorí oyè, a máa ń yan adelé. Adelé kì í kọ́ ààfin tuntun, kì í sì í yí òfin ìlú padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ilé má dahoro, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ rí ibi gbé e lọ, kó sì jáde lọ́jọ́ tí ọba bá wọlé. Driver ìbẹ̀rẹ̀ yìí, adelé ni. Ohun tó le jù fún adelé ni jíjáde.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, jíjáde yìí kò gún. Ní 2013 ni David Herrmann kọ́kọ́ gbìyànjú láti mú adelé wọ inú ètò àwòrán òde òní tí wọ́n ń pè ní DRM, ó sì pè é ní simpledrm. Kò wọlé. Noralf Trønnes gbé e dìde lẹ́yìn rẹ̀. Kò wọlé bákan náà. Thomas Zimmermann, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ SUSE ní Jámánì, ló parí rẹ̀, ó sì jáde nínú Linux 5.14 ní oṣù Kẹjọ 2021. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá. Kì í ṣe pé ó ṣòro láti kọ lẹ́tà sí mẹ́mọ̀rì. Ohun tó gba ọdún mẹ́jọ ni bí adelé ṣe máa lọ nígbà tí ẹnì kan ṣì ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Driver gidi dé, i915 ti Intel tàbí amdgpu ti AMD. Kó tó fọwọ́ kan káàdì, ó gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ń lo mẹ́mọ̀rì náà kúrò. Ṣùgbọ́n ètò kan lè wà láàárín iṣẹ́ lórí simpledrm ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, tó ń da àwòrán sínú framebuffer. Bí mẹ́mọ̀rì náà bá bọ́ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ lè dá kú. Zimmermann kò jẹ́ kí àwọn ètò kọ̀wé tààrà sí framebuffer. Àwòrán wọn ń gbé ní mẹ́mọ̀rì mìíràn, simpledrm ló ń da apá tó bá yí padà kọjá síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ dà á, á kọ́kọ́ béèrè pé ṣé òun ṣì wà lórí àga. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, kò ní dà á, ètò tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò sì ní fara pa.

Ìdàrúdàpọ̀ kan ṣì kù. Bí driver gidi bá yára wọlé ju bó ṣe yẹ lọ ńkọ́, tó lé adelé kó tó di pé wọ́n fi adelé jẹ? Á bá àga lófo, á jókòó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún fi adelé jẹ lé e lórí. Javier Martinez Canillas ti Red Hat ló tún èyí ṣe ní 2022. Driver gidi kì í kàn lé ẹni tó bá nílé mọ́. Ó tún ń sọ fún kernel pé kó má fi adelé kankan jẹ mọ́. Ìlà tó fi kún un kò pọ̀. Àsìkò tó gba kí ẹnì kan tó rí i pé ó yẹ ló níye lórí.

Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́nà Ìkìrun ń bá iṣẹ́ yìí pàdé lójoojúmọ́, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Oníbàárà á gbé láàpútọ́ọ̀pù dé: "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, ó ń tàn, kò ṣáà display." Ọ̀gá á ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká tan tọ́ọ̀ṣì sí i ná." Bí ọ̀rọ̀ bá hàn fírífírí lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, framebuffer ń ṣiṣẹ́, iná ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ ló kú. Bí kò bá sí ohun kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti bóòdù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì gbé Windows tuntun sí i, wọ́n á ṣí Device Manager, wọ́n á rí "Microsoft Basic Display Adapter" níbi tó yẹ kí wọ́n ti rí Intel. Adelé ti Windows nìyẹn, láti ìgbà Windows 8 ní 2012. Ojú ẹ̀rọ hàn, ṣùgbọ́n fídíò ń já, ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé dín kù. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á ní driver ló kù, kò ní sọ pé káàdì ti bàjẹ́. Lórí Ubuntu, ẹni tó bá yan "safe graphics" ń sọ fún kernel pé kó má pe ọba rárá, kí adelé máa bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí káàdì rẹ̀ ń ṣàìsàn ló ti tipa bẹ́ẹ̀ gbé fáìlì olówó rẹ̀ jáde.

Hans de Goede tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ṣíṣú tí ojú ẹ̀rọ ń ṣú láàárín kò yẹ kó wà. Láti Linux 4.19, ní 2018, kernel lè fi àmì ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe bá a, kó má gba ojú ẹ̀rọ títí tí ọ̀rọ̀ kan yóò fi jáde tó yẹ kí èèyàn kà. Ní 5.1, ọdún tó tẹ̀ lé e, i915 bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí UEFI ṣe to káàdì Intel tuntun, dípò kó pa á kó sì tún un tàn. UEFI tún máa ń fi ẹ̀dà àmì náà sílẹ̀ nínú tábìlì kan tó ń jẹ́ BGRT, kí ètò ìbẹ̀rẹ̀ lè yà á padà síbi kan náà gan-an. Mo ti wò ó lórí ẹ̀rọ tó gbà á: àmì yọ, kò mì, ibi password rọra yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ló ti gba ojú ẹ̀rọ náà láàárín, ojú kò sì rí ọ̀kan.

Láti 2024, nínú Linux 6.10, adelé ní iṣẹ́ kan sí i. Jocelyn Falempe kọ ètò tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lórí ojú ẹ̀rọ nígbà tí kernel bá dákú pátápátá, kí olówó ẹ̀rọ lè mọ ohun tó pa á. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: ẹnikẹ́ni lè ti nǹkan pa láìṣí i mọ́, kò sì sí àyè láti béèrè mẹ́mọ̀rì tuntun. Driver ńlá ń bẹ̀rù ibẹ̀, torí ohun tó fẹ́ ṣe pọ̀. Simpledrm wà lára àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà. Ó mọ ibi tí framebuffer ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ gígùn ìlà rẹ̀ pẹ̀lú píksẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tí ojú kò rí, ó mọ èwo ni pupa. Kò nílò ju ìyẹn lọ láti kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.